Ká ní ará ìta ni

Aránṣọ mi ló sọ ọ́ lórí fóònù, ó há abẹ́rẹ́ sẹ́nu bó ti ń sọ̀rọ̀: "Ká ní ará ìta ló ṣe é fún mi ni, mi ò bá ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Iná ti lọ, mo tẹ̀bà, mi ò jẹ ẹ́ tán.

Ìtàn ogun Òṣogbo ni mo tún gbé kà, ti 1840. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Ìlọrin dó ti ìlú náà títí tí apá ìlú ò fi ká a mọ́, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Àwọn tí Ìbàdàn kọ́kọ́ rán ò tó, àfìgbà tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kó ogun dé. Òru ni wọ́n já wọ ibùdó Ìlọrin. Kí ni ẹlẹ́ṣin fẹ́ fi ẹṣin ṣe lóru? Òṣogbo bọ́ lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ sì ni Ìlọrin dé mọ, wọn ò rọ́nà wá sísàlẹ̀ mọ́. Ó dáa.

Àwọn tí wọ́n mú láàyè ni mò ń rò ní tèmi. Jímbà, olórí ẹrú Ẹ́míà Fúlàní tó ń jọba n'Ílọrin, àti ọmọ Ẹ́míà gan-an: àwọn olóyè Ìbàdàn rọra dá wọn padà sílé. Ajíkòbí, Balógun Yorùbá ní Ìlọrin, àti Látẹ́jù: ọmọ Yorùbá ni wọ́n, kò sí àforíjì. Wọ́n pa Látẹ́jù, wọ́n ní ilé rẹ̀ ni àwọn Ìlọrin ti bọ́ aṣọ lára Aláàfin Olúewu, tó jẹ ṣáájú Àtìbà, kí wọ́n tó pa á. Ajíkòbí, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Aláàfin Àtìbà l'Ọ́yọ̀ọ́, pé kó lọ pa á níbẹ̀.

Ó tọ́ sí wọn, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Àbí... Àtìbà ńkọ́? Ṣebí àwọn òpìtàn ní òun náà wà lára àwọn tó fà sẹ́yìn lójú ogun tó gbẹ̀mí Olúewu? Òun ló wá ń dájọ́ ọ̀dàlẹ̀! Ẹ̀rín pa mí, èmi nìkan nínú òkùnkùn.

Ẹni wa tó jẹ mí lówó yẹn pè lónìí. Mi ò gbé e. Bẹ́ẹ̀ owó tí onísìmẹ́ǹtì jẹ mí ju tirẹ̀ lọ, a sì jọ ń ṣàwàdà. Ìyá wa ní kí n mójú kúrò. Ìyá wa ò mọ iye tó jẹ́ ni.

Bó bá pè lọ́la, mo lè gbé e. Mo ní mo lè o.