Ègé Tí A Kò Tún Gé: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Aṣọ Ìbora Alábulẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Òṣogbo, inú mi dùn pé àwọn kan nínú yín yóò gba òmìnira kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé nínú oṣù Kẹjọ. Ẹ mọ aṣọ gé, ẹ mọ òwú fà sí máṣíìnì, ẹ sì mọ̀ pé ìpele mẹ́ta ni aṣọ ìbora alábulẹ̀ ní: ojú aṣọ lókè, fáíbà tí ó ń mú un nípọn láàárín, láínìn nísàlẹ̀. N kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni àwọn ègé tí mo rí lórí tábìlì yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ ti rán ìpele wọn pọ̀ tán, tí ẹ sì ti fẹ́ máa so mọ́ ara wọn láìtún wọ̀n wọ́n.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ìdí tí a fi ń rán ègé kọ̀ọ̀kan tán kí a tó so wọ́n pọ̀ yé yín. Máṣíìnì ilé kò ní àyè púpọ̀ láàárín abẹ́rẹ́ àti òpó rẹ̀ tí ó wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ká odindi aṣọ ìbora sínú àyè yẹn, ìwúwo rẹ̀ yóò máa fa aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìlà ìrán yóò sì wọ́. Ègé kékeré kì í fún yín ní wàhálà bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ máṣíìnì iná ni ẹ ní tàbí ẹlẹ́sẹ̀.

Èkejì, ẹ fọ àdìrẹ kí ẹ tó gé e. Ìlú aró ni Òṣogbo, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ wa pé aró máa ń yọ. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ fi aṣọ funfun tí ó tutù nu ojú rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ rí i dájú pé ẹ̀kọ gbágùúdá tí wọ́n fi yàwòrán sí i ti kúrò pátápátá, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá ṣẹ́ kù sí a máa le, kì í sì í bá ìyókù aṣọ rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó. Bí ìlà ìrán bá ti la ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, ègé náà yóò sún kì. Òwú ń fa aṣọ wọ inú fáíbà, bí ìlà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ègé yóò ṣe kéré sí i tó. Èyí tí ẹ gé ní ínṣì 12½ kò ní jẹ́ 12½ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni méjì tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rán kò ní sún kì bákan náà.

Nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá, obìnrin kan gbé iṣẹ́ aṣọ ìbora wá fún bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú, 7 ní gígùn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ó mú wá, irú tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn gan-an, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà lójú kọ̀ọ̀kan, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó ti ìlú Ìbàdàn sì wà nínú rẹ̀. N kò tíì rí èyí tí ó dára tó o títí di òní. A gé ègé 42 ní ínṣì 12½, mẹ́fà-mẹ́fà ní ọ̀wọ́ méje, ọ̀gá sì pín ọ̀wọ́ fún àwa ọmọ iṣẹ́. Ẹnì kan ń rán ìlà tirẹ̀ ní ínṣì kọ̀ọ̀kan síra wọn, ẹlòmíràn fi ínṣì mẹ́ta sí àárín tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó sọ iye fún wa.

Mo fi téèpù wọ̀n wọ́n. Ti ẹni tí ìlà rẹ̀ ṣù mọ́ra ti di 11¾, ti ẹnì kejì ṣì wà ní 12¼. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kí a gé gbogbo wọn dọ́gba ná. Wọ́n ní aṣọ oníbàárà kì í ṣe ohun tí à ń gé dànù. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ kì í kọ́ ọ̀gá níṣẹ́. Wọ́n ní kí a máa fà á bá ara wọn bí a bá ṣe ń rán an lọ.

Ìdajì ínṣì kò jọ nǹkan kan lára ègé kan ṣoṣo. Ẹ kó mẹ́fà jọ, ó di ínṣì mẹ́ta tí ọ̀wọ́ kan fi gùn ju èkejì lọ, ìyẹn ni a sì ń fi ipá tì wọ inú ara wọn. Igun kò pàdé igun. Àárín aṣọ wú sókè, etí rẹ̀ sì ká kò. Níbi tí etí ègé àti fáíbà ti ṣù jọ, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́. Nígbà tí oníbàárà tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó béèrè ohun tó dé, ọ̀gá mi yíjú sí mi, wọ́n ní èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ oníbàárà fún ohun tí n kò ṣe. Ó ṣì ń dùn mí, n kò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n tú u. Nígbà tí mo tú u tán, ojú abẹ́rẹ́ hàn funfun káàkiri, nítorí pé ìta òwú ni aró ẹlú máa ń dúró sí ju inú rẹ̀ lọ. Èyí tí ó kéré jù ni mo ní láti fi ṣe òṣùwọ̀n, mo sì gé gbogbo wọn sí 11½. Lẹ́yìn tí ìrán ìsopọ̀ gba ìdámẹ́rin ínṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ku ínṣì 11. Ẹ ṣírò rẹ̀: 66 níbùú dípò 72, 77 ní gígùn dípò 84. Aṣọ náà kò bo bẹ́ẹ̀dì mọ́, etí àwòrán ìyá aláàdìrẹ sì ti bá ọ̀bẹ lọ. Owó fáíbà àti láínìn nìkan ni obìnrin náà san, kò sì padà wá.

Nítorí náà ni ojú mi ṣe yí padà níwájú tábìlì yín. Ẹ̀yin tí ẹ óò di ọ̀gá láìpẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá mú téèpù wá bá yín, ẹ gba téèpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kí ẹ tó fèsì. Ipò ọ̀gá kì í sọ 11¾ di 12¼.

Bí mo ti ń ṣe é nìyí. Bí mo bá fẹ́ ínṣì 12 níkẹyìn, mo ń gé ojú aṣọ sí 13½, fáíbà àti láínìn sí 14. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí gbogbo ègé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí àlàfo ìlà lè jẹ́ ọ̀kan náà lọ́wọ́ gbogbo wa. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni mo ń lò, láti àárín ni mo sì ti ń rán lọ síta. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ máṣíìnì tí wọ́n ń pè ní walking foot, ẹ rà á, nítorí pé yóò máa fa aṣọ láti òkè bí eyín máṣíìnì ti ń fà á láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ń gé ègé kọ̀ọ̀kan sí 12½ gééré. Ike tí ó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ pátákó ìpolówó ń lò, ni mo ní kí wọ́n bá mi gé sí ìwọ̀n yẹn, kí n lè rí àwòrán gba abẹ́ rẹ̀ kí n tó gé e.

Ọ̀já, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gé gùn, ni mo fi ń so wọ́n báyìí. Ti ojú jẹ́ ínṣì 1 níbùú. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 1¾, mo sì ń ká a sí méjì. Mo ń rán ọ̀já méjèèjì mọ́ ègé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí n tó rán ègé kejì mọ́ ti ojú nìkan. Etí ègé méjèèjì yóò wá fara kanra lábẹ́ ọ̀já láìgun ara wọn, ibẹ̀ kò sì ní ṣù. Ọ̀já ẹ̀yìn ni mo ń tẹ́ bo ojú ìrán, ọwọ́ ni mo sì fi ń rán ìyẹn, nítorí náà ẹ lè máa ṣe é nígbà tí iná kò bá sí.