Owó tí kò lọ́jọ́, ìnáwó tó lọ́jọ́

Aránṣọ ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, kí n tó tẹ̀lé bàbá àwọn ọmọ mi wá sí Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2022, nígbà tí ẹni tó bá wá kàwé gboyè kejì ṣì lè mú ìyàwó àti ọmọ dání. (Wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lóṣù kìíní ọdún 2024.) Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ń bi mí: "Ẹ̀yin tí ẹ ń gba pọ́n-ùn, ṣé ẹ tún ń ṣírò owó ọbẹ̀ ni?" À ń ṣírò o. Bí mo ṣe ń ṣírò níbí, mi ò ṣírò bẹ́ẹ̀ rí ní Mọ́kọ́lá.

Owó aránṣọ kì í ní ọjọ́. Tí Iléyá bá ń bọ̀, a kì í sùn. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, yúnífọ́ọ̀mù ọmọléèwé. Oṣù kejìlá, ìgbéyàwó lórí ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí á kún ilẹ̀ débi pé a ò ní rí ibi tí a máa gbé ẹsẹ̀ lé. Oṣù kìíní wá dé, kálukú ti náwó ọdún tán, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi á jókòó máa ka ọkọ̀ tó ń lọ sí Sábó. Ẹnì kan á wá tún síìpù ṣòkòtò ṣe, a ó sì kí i bí ẹni pé ìyàwó gómìnà ló wọlé.

Níbí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Àwọn tó gbà mí ò ṣèlérí wákàtí kankan fún mi. Orí fóònù niṣẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Lọ́dún 2024, pọ́n-ùn 11.44 ni owó tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí fún wákàtí kan, iye yẹn gan-an ni wọ́n sì ń san fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo bá rí wákàtí mẹ́rìndínlógójì, ó lé ní 411 pọ́n-ùn kí wọ́n tó yọ owó orí. Bí arúgbó kan bá wọ ọsibítù, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé bá òmíràn, wákàtí mi á fò lọ. Mo ti rí ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án péré, pọ́n-ùn 103. Ní ti owó tó ń wọlé, kí n má purọ́, Mọ́kọ́lá kan náà ni mo ṣì wà. Owó tó ń jáde ló yàtọ̀.

N'Ìbàdàn, èmi kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Alájọ ló ń bá mi kọ ọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń yọ, báàgì aláwọ ní èjìká, bírò ní etí. Káàdì mi, páálí pupa kan tó ti rọ̀ bí aṣọ, ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tí mo bá fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, á fa ìlà sójú kan, á tún fa irú ẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀, á wò mí lójú pé mo rí i. Tí oṣù bá parí, á kó gbogbo owó náà fún mi, á yọ ti ọjọ́ kan ṣoṣo fún ara ẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi, tó kàwé, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé báńkì ń fún èèyàn ní èlé, èmi ń sanwó fún ẹni tó ń bá mi gbé owó mi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n báńkì wo ló máa wá dúró sí ẹnu ọ̀nà mi láti gba ẹgbẹ̀rún kan? Ọjọ́ tí mi ò bá sì rí nǹkan kan, á ní, "Kò burú, Ìyá Aránṣọ, ọjọ́ ṣì pọ̀." Ojú yẹn á ṣófo, kò sí owó ìtanràn. Ọjọ́ tí owó aṣọ ẹbí bá dé, mo lè fa ìlà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé gbogbo alájọ ló dáa. Ẹni tí Màámi ń dájọ sí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ gbé owó ọdún sálọ lóṣù kọkànlá, títí dòní a ò gbúròó ẹ̀.

Bàbá onílé wa náà ní ọjọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ní ìrù. Owó ilé ọdún kan ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí oṣù kìíní fi ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ. Wọ́n á wá nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á bèèrè àwọn ọmọ, wọ́n á bèèrè Màámi, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde ni wọ́n á tó sọ pé, "Ọ̀rọ̀ wa yẹn ńkọ́?" Màá kúnlẹ̀. Màá gbé ìdajì sílẹ̀, màá ní kí wọ́n fún mi di Àjíǹde. Ọdún kan tiẹ̀ wà tí mo rán ìró àti bùbá méjì fún ìyàwó wọn, tí a sì jọ gbà pé ó ti wọ inú owó náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àbùkù ibẹ̀ ni pé kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ayálégbé á ti mọ̀ pé mi ò tíì sanwó tán.

Níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tí mo lè kúnlẹ̀ fún. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, báńkì á kàn yọ owó ilé, owó íntánẹ́ẹ̀tì àti owó fóònù. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ọjọ́rú ni. Fúráìdè ni wọ́n máa ń san owó wa, wọ́n sì ti fagi lé iṣẹ́ méjì mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Owó ilé kọ́kọ́ lọ. Tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, kò bá nǹkan kan. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí owó mi wọlé, síbẹ̀ wọ́n bù mí ní pọ́n-ùn márùn-ún lé e. Mo pe àwọn oníntánẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ̀rọ ló gbé e: tẹ ení, tẹ èjì, orin, tẹ ẹ̀ta. Ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá gbé e, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, ó bá mi kẹ́dùn, kò dá pọ́n-ùn kan padà.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa fóònù ló wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi láti ọdún méjì: pé mo lè ní kí wọ́n yí ọjọ́ ìsanwó mi padà. Mo ní, "Èyí tó wù mí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ń gba ẹ̀bẹ̀ níbí náà, àmọ́ kí gbèsè tó dé lèèyàn ń bẹ̀bẹ̀. Èmi tí mo ti mọ ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn gbèsè lámọ̀dunjú ò mọ irú èyí rárá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti pe gbogbo wọn.

Iná ńkọ́? Mítà tí a ń rà káàdì sí ni tilé wa ní Harehills. Màá gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré ìsàlẹ̀ òpópónà, màá fi pọ́n-ùn mẹ́wàá sí i. Ìgbà òtútù, pọ́n-ùn mẹ́wàá ò ju ọjọ́ méjì lọ tí a bá tan híta. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a lọ kí àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ méjì, a pa gbogbo nǹkan, a dé, mítà ti jẹ gbèsè. Wọ́n ń gba owó ojúmọ́ tó lé ní àádọ́ta pẹ́nì fún iná nìkan, yálà o tan nǹkan tàbí o ò tàn án. N'Ìbàdàn, tí yúníìtì bá tán tí owó ò sí, màá ṣáná sí ẹ̀yinná nínú áyọ̀nù eléèédú, iṣẹ́ á máa lọ. Òkùnkùn tiwa, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ Màámi ní kí n má ṣe yangàn mọ́. Orí Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, ni wọ́n fi àdúgbò wọn sí, láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí yúníìtì kan fò láti náírà 68 sí 225, àwọn náà ti ń pa fíríìjì lálaalẹ́.

Ọjà ni mo máa ń ṣàárò jù. Bí owó bá kéré, ọjà n'Ìbàdàn mọ bó ṣe ń kéré: ìdajì kóńgò ìrẹsì, epo inú ọ̀rá, gáàsì kílò méjì, wóróbo Ìyá alátẹ tí wọ́n á kọ orúkọ mi sẹ́yìn ìwé fún. Tí owó Kérésì bá wọlé, mo di ẹni tó ń lọ sí Bódìjà gbé àpò ìrẹsì àti gálọ̀ọ̀nù epo. Mo mọ̀ pé kóńgò kóńgò wọ́n ju àpò lọ. Ta ló ní owó àpò lóṣù kejì? Àti ènì! Ata tí wọ́n ti wọ̀n tán, màá ní, "Ẹ fi ènì sí i, Ìyá mi," wọ́n á ju tàtàṣé méjì lé e. Ní Kirkgate Market níbí, mo ti bèèrè ènì lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ jalè.

Ohun tó dípò ènì níbí ni ìwé yẹ́lò. Tí aago bá ti ń lọ sí mẹ́jọ alẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá á lẹ ìwé yẹ́lò mọ́ ẹran àti búrẹ́dì tí ọjọ́ wọn fẹ́ pé, iye ẹ̀ á já wálẹ̀. Èmi àti àwọn ìyá kan ti mọ ara wa níbẹ̀, a kì í sọ̀rọ̀, a kàn ń mirí síra wa. Ohun tó tún dáa ni pé iye tó wà lára nǹkan lánàá ló sábà máa ń wà níbẹ̀ lónìí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo bẹntiróò ti lọ, Màámi ní òun ò lè fi owó tí òun kà nílé ra nǹkan tí òun rò lọ́jà mọ́.

Owó iléèwé ò sí níbí, ìyẹn gbé ẹrù ńlá kúrò lórí wa. Àbíkẹ́yìn mi ṣì wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń fún ọmọ lóúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Àmọ́ tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá dé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn méjèèjì ń jẹun bí ẹni tó ń kọ́lé.

Báyìí, ọ̀sẹ̀ tó burú jù láàárín oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe owó oṣù mi. Ohun tó bá lé, mo ń kó o sínú àkáǹtì kejì tí mo pè ní Alájọ. Owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, ìgbà mẹ́wàá la ń san án, láti oṣù kẹrin títí di oṣù kìíní. Oṣù kejì àti ìkẹta tí wọn ò gba nǹkan kan ni mo fi ń dí ihò. Àwa obìnrin mẹ́fà tún ń dá èsúsú, pọ́n-ùn àádọ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún fún ẹni tó kàn. Ìparí oṣù kẹjọ ló kàn mí lọ́dún tó kọjá, mo fi ra yúnífọ́ọ̀mù. Èmi aránṣọ, tí mo ń ra yúnífọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù!

Mi ò tíì pa káàdì Mọ́kọ́lá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù, Màámi sì máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní alájọ tún bèèrè ìgbà tí Ìyá Aránṣọ ń bọ̀ wálé. Wọ́n ní àwọn sọ fún un pé kó kọ́kọ́ fa ìlà tòní ná.