Èènì Ò Sí Nínú Ìwé Ìṣirò

Ọdún 1996 ni mo wà ní JSS 2 ní Ẹ̀pẹ́, ọdún yẹn náà ni mo gba òdo tó dùn mí jù láyé mi. Ìbéèrè ọ̀hún ò le: obìnrin kan ta ẹja 6 ní 120 náírà, èló ni ẹyọ kan? Mo kọ ọ́ pé ó lé díẹ̀ ní 17 náírà. Tíṣà fi bírò pupa fà á kọjá. 20 ni wọ́n ń wá. Mo ní, "Sà, èènì ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò ṣàwàdà o. Epìyà ni màmá mi ń tà, èmi ni mo máa ń kó o sínú ọ̀rá fún oníbàárà, mi ò sì rí ẹni tó ra mẹ́fà tí kò béèrè ìkeje. Ẹ pín 120 sí ọ̀nà 7 kẹ́ ẹ wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí tún dé bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní JSS 1 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé, ó ní ratio, ìyẹn fífi iye kan wé òmíràn, ò yé òun, "ẹyọ kan ni èló" náà ò yé òun. Mo ní kó wọ bàtà. Ọjọ́ Sátidé ni, a gba ọjà Olúwo lọ.

Ìyá àkọ́kọ́ ní epìyà mẹ́fà, 6,000 náírà. Ẹnì kejì ní mẹ́jọ, 8,800. Ọmọ mi ṣírò ọ̀kan 1,000, ó ṣírò ìkejì 1,100, ó ti ń fà mí láṣọ pé ká padà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́. Mo ní kó fara balẹ̀.

"Ìyá, èènì mélòó lẹ máa fún wa?"

"Oníbàárà mi, méjì ni, torí ọmọ tẹ́ ẹ mú wá."

Ìyá àkọ́kọ́ sì ti ní ẹyọ kan lòun lè fi sí i. Ọmọ mi tún un ṣe: 6,000 sí ọ̀nà 7, ó lé díẹ̀ ní 857. 8,800 sí ọ̀nà 10, 880. "Mọ́mì, ti àkọ́kọ́ ṣì dínwó." Òótọ́ ni, àmọ́ 100 náírà àárín wọn ti di nǹkan bíi 23. A padà lọ wo ẹja èènì ìyá àkọ́kọ́ nínú báàfù. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi lọ.

Ó wò ó títí. "Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní ẹyọ kan?"

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé owó. Bí ẹyọ ò bá dọ́gba, iye ẹyọ kan ti ń purọ́ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí táwọn mìíràn fi ń gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n, kílò ni wọ́n ń tà. Ti ìyá kejì la rà.

Nílé, ó kọ ọ́ pé èènì sí rírà jẹ́ 2:8, ó sọ ọ́ di 1:4. Ó gbà á. Ló bá tún kọ ọ́ pé èènì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹja inú ọ̀rá. Mo da ẹja sínú abọ́, mo ní kó yọ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ fún mi. Ó ka mẹ́wàá, ó pín in, ó ku ẹja tí a máa gé sí méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́, ó kọ ìdá kan nínú márùn-ún. Mo bi í pé bí ó bá yí i sí 4:1 ńkọ́. Ó ní, "Èènì á ju ẹja tá a rà lọ nìyẹn. Ìyá yẹn á wọ gbèsè."

Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà ni bírò 5 ní 750 náírà. Ó kọ 150. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wínníwínní: "láìsí èènì." Wọn ò tíì dá ìwé náà padà fún un.