Igi Tí Kò Léwé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 17, oṣù kìíní

Páálí náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ní Ọjọ́rú. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi wá ọ̀bẹ láti tú u. Igi tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀pá kan tí kò nípọn ju ìka mi lọ, ẹ̀ka márùn-ún, kò sí ewé kankan. Ẹ̀ka kan sì ti ṣẹ́.

Mo ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Igi maple ti Jàpáánì máa ń wọ́wé tán nígbà òtútù, àsìkò tó ń sùn yìí gan-an ló sì dára jù láti gbìn ín, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Síbẹ̀ àyà mi já. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, mo sì rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Ó wà láàyè.

Oṣù kẹwàá tó kọjá ni ìfẹ́ igi yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Ọkọ mi wà mí lọ sí Westonbirt, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Bristol, ìlú tí à ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbà igi ńlá ni, Robert Holford ló dá a sílẹ̀ ní 1829, igi maple Jàpáánì tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ lóríṣiríṣi. A dúró lábẹ́ ọ̀kan. Oòrùn ń la àárín ewé rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí osùn. Igi furúùtù ẹ̀yìnkùlé wa ní Abẹ́òkúta ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin náà mọ igi yẹn: ewé rẹ̀ máa ń pọ́n kó tó já bọ́. Èmi ni mo máa ń gbá a láàárọ̀ nígbà ọyẹ́, kí n tó lọ sílé ìwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á ṣa èso rẹ̀, a ó jẹ ara rẹ̀ tán, a ó wá fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ nítorí ohun kékeré bí ẹ̀pà tó wà nínú. Wọ́n gé e nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ti ògiri. Ó lé ní ogún ọdún tí n kò ti rí irú pupa bẹ́ẹ̀ lára ewé. Mo sunkún lábẹ́ igi náà, ọkọ mi kò sì bi mí ní nǹkan kan.

Furúùtù kò lè la òtútù Bristol já. Maple lè là á já.

Oṣù méjì ni mo fi ń wo igi lórí fóònù. Èyí tí wọ́n ń fi hàn nínú àwòrán ti dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n sí ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó kọjá orúnkún rẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan wà ní £12, èyí tí wọ́n gbin èso rẹ̀ tó sì hù, àmọ́ ọmọ lè má jọ ìyá. Mo san £38 fún Osakazuki, irú maple Jàpáánì kan, nítorí òun ni àwọn tó mọ igi máa ń yìn fún pupa ìgbà ìwọ́wé. Ṣe ni wọ́n ń lẹ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò maple mìíràn títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Àpá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ igi bí oríkèé ìka, a kò sì gbọdọ̀ fi erùpẹ̀ bò ó.

Mo ya fọ́tò ẹ̀ka tó ṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó tà á. Wọ́n dá £5 padà, wọ́n ní kí n tètè gé e kí oje tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó dùn mí láti gé e.

Ilẹ̀ dì gbagidi ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì. Òní ló rọ̀. Mo ri ìkòkò rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi òjò fún wákàtí kan; omi ẹ̀rọ wa máa ń lẹ̀ bí ẹfun mọ́ inú kẹ́tù, ilẹ̀ tó ní ekan díẹ̀ nínú ni igi yìí sì fẹ́, kì í ṣe ilẹ̀ ẹlẹ́fun. Mo gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó ìkòkò náà lọ́nà méjì, tí kò sì jìn jù ú lọ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbìn ín sí, nítorí afẹ́fẹ́ líle máa ń jó etí ewé rẹ̀ bí ẹni pé iná rà á.

Mo ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ tí ìyá mi fi pè lórí WhatsApp. Mo gbé fóònù lọ sídìí igi.

"Ọ̀pá lo rì mọ́lẹ̀ yìí?"

"Igi ni, Mààmi. Ó ń sùn ni."

"Ṣé á so?"

"Kì í so ohun jíjẹ, Mà. Nítorí ewé rẹ̀ ni mo ṣe rà á. Ó máa ń pọ́n bíi ti furúùtù wa."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. N kò mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ìgbà lo máa ń ráhùn ilẹ̀ gbígbá."

Èmi náà kò mọ̀ nígbà náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí pé báwo ni ewé eléyìí ṣe rí. Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú kámẹ́rà, mo ní kí wọ́n fi ìka méjì kún un.

Wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn náà sókè, wọ́n la ìka wọn dáadáa.

"Báyìí?"

"Báyìí, Mà."