Ẹ Béèrè Ẹni Tó Yà Á: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Férémù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ férémù, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi owó oúnjẹ ra àwòrán iwin, ọkọ̀ òfuurufú àti ẹranko abàmì, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Àwa oníférémù máa ń rí ẹ̀yìn àwòrán dáadáa ju ojú rẹ̀ lọ. Orúkọ ẹni tó yà á ni mo kọ́kọ́ máa ń wá níbẹ̀. Tí n kò bá rí i, ọwọ́ tó gbé e wá ni màá bi.

Àwọn kan á ní eré ọmọdé ni irú àwòrán wọ̀nyí. Ní Òṣogbo yìí kẹ̀? Fágúnwà ti kó ọdẹ wọ inú igbó irúnmọlẹ̀ láti 1938, Tutùọlá sì tẹ̀ lé e ní 1952. Nígbà tí wọ́n sọ ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀ di Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ tó wá kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ kò ní láti yá iwin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ijó ló gbé Twins Seven-Seven dé ibẹ̀ ní 1964. Kò pẹ́ tó fi gba kálàmù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya iwin tí ara wọn kún fún ìlà wẹ́wẹ́, débi pé ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà. Amazing Stories, ìwé ìròyìn tó ń gbé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì jáde, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1926, Frank R. Paul ló sì ń ya èèpo rẹ̀: ẹ̀rọ gìrìwò, ìlú ọjọ́ iwájú, àwọ̀ tó ń pariwo, kí ẹni tó ń kọjá níwájú oníwèé lè dúró. Bébà inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Igi lílọ̀ tí wọn kò yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ dáadáa ni wọ́n fi ṣe é kó lè pọ́ọ́kú, ó sì máa ń fa yíǹkì mu. Òjìji múlọ́múlọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ di dúdú ni. Ìdí nìyẹn tí Virgil Finlay, tó ń yàwòrán sínú irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, fi ń to ààmì tóótòòtó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú ènìyàn fi hàn láàárín wọn. Nígbà mìíràn, páálí tí wọ́n ti fi yíǹkì dúdú bò ló máa ń fi irin ha títí funfun á fi yọ. Ẹ wo bí bébà burúkú ṣe sọ ọwọ́ kan di ọ̀gá! Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ju gbogbo èèpo aláwọ̀ ìgbà náà lọ, ẹ sì lè bá mi jiyàn.

Ó bani nínú jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ìgbà náà kì í dá ojúlówó àwòrán padà fún ẹni tó yà á. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó lè di ìdọ̀tí. Frank Frazetta tó dé lẹ́yìn wọn kò gbà, ó ń gba tirẹ̀ padà. Èyí tó yà fún èèpo ìwé ìròyìn Eerie ní 1969 ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní 2019 ní mílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Ẹ má torí ìyẹn lọ jẹ gbèsè o.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá dání. Tí ẹ bá rí ààmì róbótó aláwọ̀ mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Kò burú, kí iye rẹ̀ ṣáà jẹ́ ti ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́: ọ̀dà ọwọ́ máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀kalẹ̀. Tí ẹ bá rí 7/30 tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sísàlẹ̀, ẹ̀dà keje nínú ọgbọ̀n ni wọ́n ń sọ. Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣe é, torí ní ìlú wa, ọmọ àti ọmọ iṣẹ́ a máa ya bí ọ̀gá ṣe ń yà, kò sì sí ẹ̀tàn níbẹ̀ tí wọ́n bá sọ ọ́.

Ti ìtọ́jú kò gùn. Ẹ má ṣe láminéètì sí àwòrán, sátífíkéètì nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àní òun náà, mi ò gbà tán. Sẹ́lótéèpù á pọ́n, á sì jẹ bébà. Oòrùn ni ọ̀tá bébà olówó pọ́ọ́kú, á sọ ọ́ di búráùn, á sì máa kán bí ewé gbígbẹ. Kí dígí má kan ojú àwòrán rárá. Ẹ fi páálí là wọ́n láàárín. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ni Margaret Brundage fi ń ya èèpo ìwé ìròyìn Weird Tales ní àwọn ọdún 1930, irú rẹ̀ tó bá kan dígí, dígí ló máa kó o lọ. Ní ìgbà òjò, ẹ lẹ igi pélébé mọ́ ẹ̀yìn férémù kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín òun àti ògiri, kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ikán. Orúkọ ayàwòrán, ọdún, ẹni tó tà á: ẹ kọ ọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀. Bírò tí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán lè yọ sójú.

Tí kò bá sówó, ẹ lọ wo ilé Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ní òpópónà Ìbòkun, kẹ́ ẹ sì ti ibẹ̀ dé igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ wo ohun tí òun àti Adébísí Àkànjí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi sìmẹ́ǹtì ṣe níbẹ̀. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kẹ́ ẹ jókòó ti ère kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ yà á títí ọwọ́ á fi ro yín. Bàtà tó le ni kẹ́ ẹ wọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀.