Èmi, Agbádá Mi àti Hẹlikópítà Adóòlà-Ẹ̀mí

Ìyá Ìbejì ní kí n má sọ ọ́ síta, pé ìtìjú rẹ̀ á kan òun náà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n yáa fẹnu ara mi sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ata sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ tábìlì mi, níbi tí mo ti ń fi ike ṣe àwòṣe hẹlikópítà kéékèèké. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó bi àwọn ọmọ mi léèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Èyí tó wà lórí rẹ̀ báyìí ni Sea King HAR.3, hẹlikópítà aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Bìrìtìkó fi ń yọ èèyàn nínú òkun láti 1978 títí di 2015. Irú rẹ̀ gan-an ni Prince William ń wà nígbà tó fi wà ní RAF Valley, ibùdó wọn ní erékùṣù Anglesey, ní Wales. Tirẹ̀ jẹ́ irin. Tèmi jẹ́ ike, ìdá kan nínú 72 ti gidi. Abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, tó fẹ̀ tó mítà 19 lára ti gidi, kò ju sẹ̀ǹtímítà 26 lọ lọ́dọ̀ mi. Èèyàn tó ga ní mítà 1.8 wá di sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ìta rẹ̀ ò ní wàhálà. Inú rẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n kó sínú páálí ò ju ìjókòó díẹ̀ àti ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan lọ, ọmọlúàbí sì lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀ kó lọ sùn. Èmi ò sùn. Mo kó àwòrán inú Sea King jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń fi ike pẹlẹbẹ àti wáyà tín-ín-rín ṣe gbogbo ohun tí mo bá ti rí. Mo gbé ẹ̀rọ ńlá kan kalẹ̀ sáàárín, mo wé okùn sí i lára, ó wù mí débi pé mo pe àwọn ọmọ wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà. Sea King ti àwọn ọmọ ogun ojú omi ni, èyí tí wọ́n fi ń dẹ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi! Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n máa ń sọ̀ sínú òkun láti fi tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ ọ̀tá. Adóòlà tèmi ń lọ gbé apẹja tó ń rì, ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀tá ni. Mo fi ọ̀bẹ hú u kúrò. Àwòrán tí mo tún wá gbọ́kàn lé, hẹlikópítà àwọn ará Jámánì ló jẹ́.

Àwọ̀ ló wá fẹ́ pa mí. Tìmùtìmù wà lára ògiri inú rẹ̀ tó ń dín ariwo kù. Nínú àwòrán kan, àwọ̀ eérú ni. Nínú òmíràn, ó fẹ́ jọ ewé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á mú ọ̀kan níbẹ̀. Èmi kun àwọn ṣíbí ike lóríṣiríṣi àwọ̀ eérú, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn, mo ní màá lọ fi wọ́n wé ojúlówó.

Ọjọ́ tí àyè yọ ni Sátidé tí a lọ síbi ìkómọ kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé a máa yà síbì kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó gbà, nítorí ó rò pé ṣọ́ọ̀bù ni. Báyìí la ṣe gúnlẹ̀ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn hẹlikópítà náà sí, èmi nínú agbádá léèsì, òun nínú gèlè tó ga ju ti ìyá ọmọ lọ, ó gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́wọ́ nítorí ó ní tó bá wà nínú mọ́tò, á kan. Àwọn òyìnbó ń yà lọ́nà fún wa. Wọ́n rò pé a wá ṣí ilé náà ni.

Okùn ni wọ́n fi dí iwájú hẹlikópítà náà, àwọn ọ̀pá irin kéékèèké ló sì gbé okùn dúró. Mo bẹ̀rẹ̀, mi ò rí inú. Mo kúnlẹ̀, mi ò rí inú. Mo bá nà gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá, mo di ojú kan, mo na ṣíbí nọ́ńbà 4 gba abẹ́ okùn.

Mi ò mọ̀ pé apá agbádá ti kọ́ ọ̀pá kan. Bí mo ṣe ní kí n dìde, ọ̀pá ní òun fẹ́ dùbúlẹ̀. Ó fa èkejì rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn fa ẹ̀kẹta. Gbàgà! Gbàgà! Gbàgà! Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Fìlà mi yí wọ abẹ́ hẹlikópítà lọ. Mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa èèyàn sókè gan-an, okùn lọ́rùn, ṣíbí lọ́wọ́, ni ọmọdé kan bá bi ìyá rẹ̀ pé, “Mọ́mì, kí ló dé tí wọn ò tíì gbé ọkùnrin yẹn sókè?”

Ìyàwó mi gbé kúlà sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ wá fà mí dìde ni. Ó fẹ́ ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa ni.

Bàbá arúgbó kan tó ń bá wọn mójú tó ibẹ̀ ló tú mi sílẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ nínú irú hẹlikópítà yìí rí, pé òun ni wọ́n máa ń so mọ́ okùn sọ̀ kalẹ̀ sórí ọkọ̀ tó bá ń rì. Orí ire rèé o! Mo to ṣíbí mi síwájú rẹ̀. Mo ní, “Sà, èwo nínú wọn ni àwọ̀ ògiri inú rẹ̀?”

Ó wo ṣíbí, ó wò mí. Ó ní òru ló pọ̀ jù nínú ìgbà tí òun wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ a máa tutù rinrin, òórùn epo àti èébì a gba inú rẹ̀ kan, ẹni tí wọ́n gbé jáde látinú omi á sì wà lẹ́sẹ̀ òun, kò mọ̀ bóyá òun máa yè. Ó ní òun ò fojú wo ògiri rí.

Mo fẹ́ bi í pé irú àwọ̀ wo ni èébì náà ní. Ìyá Ìbejì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nífun.

Òun tó ń pe gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi ní fáànù, òun ló wá béèrè ìbéèrè gidi. “Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò ṣáà lójú nísàlẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń wà á ṣe ń mọ ibi tó máa dúró sí?” Ojú bàbá là. Ó ní mẹ́rin ni wọ́n máa ń jẹ́. Àwọn méjì tó ń wà á wà níwájú, wọn ò rí abẹ́ ara wọn. Ẹnìkan ń wo rédà. Tí wọ́n bá débẹ̀, á wá sí ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún, á yọrí síta, á máa darí wọn: síwájú, sọ́tùn-ún díẹ̀, ó tó. Ẹ̀kẹrin ni ẹni orí okùn. Ó ní lẹ́fà kékeré kan, ìyẹn ọ̀pá ìdarí, tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn tí ẹni ibẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi sún odidi hẹlikópítà síwá sẹ́yìn bó bá ti rọ̀ mọ́ ojú kan.

Lẹ́fà! Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń wo àwòrán, mi ò rí lẹ́fà. Ìyàwó mi fi ìbéèrè kan ṣoṣo gbà á.

Nígbà tí a jáde síta, ó bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún bàbá. Kò rí ṣíbí, ó bá tọwọ́ bọ àpò agbádá mi. Nọ́ńbà 4 ló fà yọ, èyí tí mo ti gbọ́kàn lé. Kí n tó pariwo, ó ti dé ẹnu bàbá. Ó jẹun tán, ó dúpẹ́, ó ju ṣíbí sínú àgbá ìdọ̀tí.

Mo délé, mo ní lẹ́fà yẹn gbọ́dọ̀ wà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ti gidi bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tèmi á jẹ́ mìlímítà 1.4. Kò tó ẹsẹ̀ kòkòrò. Mo gé irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo fi iná ra á lórí, mo fi ẹ̀mú kékeré gbé e, mo mí sínú, mo sín.

Ẹ̀yin ará, mo sín.

Mo dojúbolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá, kódà mo ní kí wọ́n rọra máa mí. Nígbà tó yá, mo rí i, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run, mo lẹ̀ ẹ́ sí àyè rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ọmọ mi obìnrin wá wò ó tó ní, “Dádì, irun wíìgì Mọ́mì nìyí.” Ibẹ̀ ló wà títí di báyìí.

Mo pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, gọ́ọ̀mù gbẹ, òkùnkùn sì bo gbogbo iṣẹ́ mi. Ìjókòó, bẹ́líìtì, tìmùtìmù tí mo fi abẹ́rẹ́ ya ìlà sí lára lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa rí wọn mọ́ láyé yìí. Àwọ̀ tí mo padà kùn ún? Ẹ má wulẹ̀ bi mí. Dúdú ni wọ́n jọ di.

Ìyá Ìbejì wá gba tọ́ọ̀ṣì, ó yọjú gba ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá Ìbejì, bàbá yẹn ní mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́ta ni mo rí.”

Mo ní ẹ̀kẹrin ti sọ̀ kalẹ̀, ó lọ gbé èèyàn.

“Okùn rẹ̀ dà?”

Mo wo ìta. Kò sí okùn. Mi ò rántí okùn.

“Háà! Ẹ ti ju ọmọ ọlọ́mọ sómi!”

Kó tó tó ìṣẹ́jú kan, ó ti gbé e sí WhatsApp ẹbí: “Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́ o. Ọkùnrin kan já bọ́ sínú òkun láti inú hẹlikópítà Bàbá Ìbejì.” Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Ìbàdàn kì í wo àwòrán, wọ́n á kàn ní kí ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ fún àwọn. Ìdájí ọjọ́ kejì, fóònù mi dún.

“Ṣé wọ́n ti rí i?”

“Wọn ò tíì rí i, mà.”

“Wọ́n á rí i lórúkọ Jésù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ọmọ mi, o wá ra hẹlikópítà, o ò sọ fún ẹnì kankan nínú wa? Àbúrò rẹ ò sì tíì san owó ilé-ìwé.”