Skánà Mi àti Ìrẹsì Ìyá Onílé

Iná yẹn tàn ní oríta Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọlọ́kadà mẹ́ta ń tẹ họ́ọ̀nù níwájú mi, tí bọ́ọ̀sì akérò kan sì ń fi tirẹ̀ bú mi lẹ́yìn. Iná kékeré ni o, pupa rúsúrúsú, ó ya àwòrán ẹ́ńjìnì sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wa Corolla 2003 mọ̀ pé iná yẹn kì í ṣe iná lásán. Iná ìnáwó ni.

Nígbà tó tàn lọ́dún tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan. Ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ stíárìn, ó tẹjú mọ́ ọn bí babaláwo tó ń wo ọpọ́n, ó gba ₦5,000, ó ní plọ́ọ̀gì ni. A pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Iná tún tàn. Ó tún wò ó, ó tún gba ₦5,000, ó ní nọ́sù ni. A fọ nọ́sù. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ brain box, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀, mo bá sáré gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iná náà kú fúnra rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó pa á.

Ìdí nìyí tí mo fi ní lọ́tẹ̀ yìí, mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹnì kankan. Èmi fúnra mi ni màá ra skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àìsàn ọkọ̀.

Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀. "Bàbá Ayọ̀, ẹ̀yin tí fáànù bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́?"

"Ọ̀rọ̀ fáànù kọ́ la ń sọ," ni mo wí, mo sì jáde.

Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi wo fídíò, títí dátà fi tán lórí mi. Mo wá gbọ́ pé láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò tó ní ẹnu irin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pè ní OBD-II. Àwọn ará Yúróòpù tẹ̀ lé wọn ní 2001 fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni tèmi, nítorí náà mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ stíárìn. Lóòótọ́, ihò wà níbẹ̀, òun àti bébà súìtì kan tí Ayọ̀ ti kì bọ̀ ọ́.

Ó wá ku èyí tí a máa rà. Èyí tí àwọn rewáyà ń gbé kiri bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, tó lè wo bíréèkì ABS àti airbag mọ́ ẹ́ńjìnì, owó rẹ̀ tó owó ọ̀kadà. Mo kí i, mo kọjá. Ọ̀kan tún wà tó ní ojú tirẹ̀ àti okùn tirẹ̀: èèyàn á kì í bọ ihò, á kọ nọ́ńbà àìsàn ọkọ̀ sójú rẹ̀, ó parí. Kò nílò fóònù, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní bá aládùúgbò kankan sọ̀rọ̀. Ká ní mo gbọ́n, òun ni ǹ bá rà. Ṣùgbọ́n ₦28,000 ni wọ́n pè é. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí kékeré kan, búlúù, kò ju páálí ìṣáná lọ, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. ₦8,500. Ojú mi là kedere.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní Sábó búra pé gbogbo mọ́tò ló ń bá ṣe. Ó ní títí kan kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó kà á pé ayédèrú pọ̀ nínú àwọn búlúù yìí, pé òmíràn kì í gbọ́ èdè ọkọ̀ àtijọ́. 2008 ni Amẹ́ríkà tó ní kí gbogbo ọkọ̀ wọn máa sọ èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ CAN. Kó tó di ìgbà náà, èyí ń sọ Ìjẹ̀bú, tọ̀hún ń sọ Èkìtì. Èkìtì pọ́ńbélé ni Corolla tèmi ń sọ.

Ṣùgbọ́n a ò tíì débẹ̀. iPhone ni mò ń lò. (Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ nígbà tó ra tuntun, kẹ́ ẹ má baà rò pé owó wà lọ́wọ́ mi.) Irú Bluetooth tó wà nínú skánà olówó pọ́ọ́kú yẹn, fóònù Android ló ń bá sọ̀rọ̀; ẹni tó bá ń lo iPhone, oníWiFi tàbí èyí tó ní Bluetooth LE ló yẹ kó rà. Mo wá a títí, iPhone ní òun ò rí nǹkan kan. Mo bá yá fóònù ìyàwó mi. Mo ní mo yá a: ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ẹ wò mí báyìí: àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ ń fẹ́, mo jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà, mo yí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Skánà wà nínú ihò. Mo ṣí Bluetooth. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde: BT-SPK. Wọ́n sì kọ BT gàdàgbà sára páálí skánà. Mo ní, "Òun nìyí." Mo tẹ̀ ẹ́, ó so lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè 1234 tí àwọn onífídíò ní ó máa béèrè. Mo yin ara mi.

Bí mo ṣe ń retí kí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, fóònù gbọ̀n. Fóìsì nóòtì ló wọlé sórí WhatsApp láti ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Ìlọrin. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Kò sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Mo gbé ohùn fóònù sókè tente, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Mo gbé e lé etí ọ̀tún, mo gbé e lé etí òsì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn Ìyá Onílé, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Ayọ̀, tí wọ́n fi ń gbọ́ orin ẹ̀mí láràárọ̀ Sátidé, ti wà ní títàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró de fóònù ọmọ wọn. Fóònù ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé òkúta tún wà nínú ìrẹsì Ìyá Onílé yín níbi ìkómọ yẹn? Èyí tí mo jẹ lọ́jọ́ ọdún, eyín mi ò tíì bọ̀ sípò o! Ẹ ní kí wọ́n máa ṣa ìrẹsì wọn, àbí ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ sínú ikùn wa ni?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní alápatà tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kó lè gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta dáadáa.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni ìyàwó mi tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìró láyà, ìfófòó ọṣẹ lórí, tó ń ju ọwọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn sí mi ni. Mo yí gíláàsì sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Onílé. Wọ́n dúró sáàárín ọgbà, wọ́n di nǹkan kan mú sínú nylon dúdú.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni wọ́n wí.

Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ilé yìí, "ìwọ Bàbá Ayọ̀" ni màmá yìí ń pè mí. Ọjọ́ tí àgbàlagbà bá fi "sà" kí ọmọdé, kí ọmọ náà yáa wá ibi dọ̀bálẹ̀ sí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku ọyẹ́.

"Kò sí nǹkan kan, sà. A ti gbọ́." Wọ́n gbé nylon wọn, wọ́n wọlé.

Ìyá Ayọ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, èyí tó fún mi láyè láti rí i pé skánà ò wọlé dáadáa látàárọ̀. Mo tì í, ó dún "kà". Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni OBDII yọjú, ó béèrè 1234, ó wọlé. Ó gbọ́ Èkìtì! Ó kọ P0455 sójú fóònù.

P yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì àti jíà ni. Ká ní B ni, ti ara ọkọ̀ ni. Mo wá ìyókù, wọ́n ní ibi tí ọkọ̀ ń tọ́jú oru epo sí ń jò, jíjò ńlá. Jíjò ńlá! Mo lé Ayọ̀ wọlé, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn, mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ń gbóòórùn kiri bí ajá ọdẹ.

Bàbá Onílé wá dúró tì mí, pákò lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ṣé màá bá àwọn fi wo Peugeot 504 àwọn tó wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé.

"Bàbá, tiyín ò ní ihò ni."

"Ihò? Ihò pọ̀ lára rẹ̀. Wá mú èyí tó bá wù ọ́." Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Òkúta yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́ o. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo rọra wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan lọ́nà Ìlọrin, mo na fóònù sí i. Kò wò ó. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ojú ibi tí wọ́n ń rọ epo sí.

"Ìdérí tánkì dà?"

Mo wò ó. Ihò gbọ̀ngbọ̀n. Okùn ìdérí yẹn ti já tipẹ́. Mo wá rántí pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìkómọ, ọmọ ilé epo gbé e lé orí bọ́ọ̀tù, èmi náà sì wakọ̀ lọ. Mẹkáníìkì béèrè iye tí mo ra skánà. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín yẹn tó o.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá Onílé ni. Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, nylon dúdú wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n na nylon sí mi: ìdérí tánkì mi ló wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni mo ti rí i. Ariwo ìkómọ ni kò jẹ́ kí n rántí. Àárọ̀ àná ni mò ń gbé e bọ̀ wá fún yín, sà, àfi bí mo ṣe gbọ́ ìròyìn."

Mo dúpẹ́, mo sáré lọ dé e, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, mo fi skánà nu P0455 kúrò, iná kú. Mo rò pé tí mo bá padà, wọ́n á ti lọ. Wọ́n ṣì dúró. Wọ́n ti gbé àwo lé orí tábìlì, wọ́n sì ti fi ṣíbí sí i.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá, sà. Ẹ fi wò ó bóyá òkúta wà níbẹ̀."

Ìyàwó mi wo òkè àjà. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán pátápátá lójú wọn, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Méjì ni. Odidi ni mo gbé wọn mì.